Bọ́tìnì Kan Náà, Lẹ́tà Ọ̀tọ̀: Pátákó Kọ̀ǹpútà àti Kíkọ Yorùbá ní Benin àti Togo

  

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ti ìlù, kì í sì í ṣe ti egúngún. Ọ̀rọ̀ pátákó tí ènìyàn ń fi ìka tẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà ni. Clavier ni wọ́n ń pè é ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti ní Atakpamé. Kíbọ́ọ̀dù ni àwọn ará Ìmẹ̀kọ àti Abẹ́òkúta ń pè é. Ohun tó mú un bá ọdún tan ni pé orúkọ ọmọ, oríkì ìdílé, ìwé ìpè sí ọdún, àti ìwé ìrántí tó wà lọ́wọ́ yín yìí, orí pátákó yẹn ni gbogbo wọn ń gbà kọjá báyìí. Ohun tí pátákó kò bá lè kọ, ìwé kò ní gbé e.

Ẹ wo ọmọ Kétu kan tó kọ́ ìwé títẹ̀ ní CEG. Ó sọdá ààlà lọ kí ìyá rẹ̀ àgbà ní Ìmẹ̀kọ, ó sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ìbátan rẹ̀. Ó fẹ́ kọ «awo». Kò wo ọwọ́ rẹ̀, nítorí ìka ti mọ ọ̀nà. Nígbà tó gbójú sókè, «qzo» ló rí. Ó fẹ́ kọ «omo», «o;o» ló jáde. Ó fẹ́ kọ 1960, ọdún tí Benin, Togo àti Nàìjíríà gba òmìnira, ó di Shift mú bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé, kọ̀ǹpútà sì kọ «!(^)» fún un. Ọmọ Ìmẹ̀kọ náà kò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá wá sí Kétu: «awa» yóò di «qzq» mọ́ ọn lọ́wọ́, 1960 yóò sì di «&ç-à». Ẹ̀rín lásán ni èyí, títí yóò fi kan mot de passe. Ibẹ̀ ni ènìyàn kì í ti í rí lẹ́tà tó ń tẹ̀, àmì róbótó dúdú nìkan ló ń hàn. Á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀rọ á sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú pẹ̀lú òótọ́ lẹ́nu.

Ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ara kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Christopher Latham Sholes, tó ń gbé ìlú Milwaukee, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní 1868. Ní 1874 ni ilé iṣẹ́ Remington, tó ń ṣe ìbọn àti ẹ̀rọ ìránṣọ, bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Láti ara ẹ̀rọ yẹn ni ètò lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q, W, E, R, T, Y ti jáde. Ìdí tí wọ́n fi tò wọ́n báyẹn, àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ lórí rẹ̀ kò tí ì tán. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé Yúróòpù, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tún un ṣe sí ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn ará Jámánì pààrọ̀ Y àti Z, nítorí pé Z pọ̀ nínú èdè wọn, Y kò sì pọ̀. QWERTZ ni tiwọn. Àwọn Faransé gbé A sí ipò Q, wọ́n gbé Z sí ipò W, wọ́n mú M kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ N wá sí ẹ̀gbẹ́ L. AZERTY ni ìyẹn.

Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ààlà tó pín ilẹ̀ Yorùbá sí méjì. Ààlà yẹn kò dúró nínú igbó nìkan, ó bá akọ̀wé dé orí tábìlì. Lápá kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wọlé bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé. Lápá kejì, èyí tó wọlé bá ìjọba Faransé dé. Ẹni tó bá rò pé òkúta àti kọ́sítọ́ọ̀mù nìkan ni ààlà, kó wo ìka àwọn ọmọ.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe ni láti rò pé èdè Faransé ló bí AZERTY. Faransé ni àwọn ará Québec ní Kánádà ń sọ, QWERTY ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Àwọn ará Switzerland tó ń sọ Faransé ń lo QWERTZ. Bẹ́ljíọ̀mù ń lo AZERTY, ṣùgbọ́n wọ́n gbé àwọn àmì kéékèèké sí ibòmíràn: ẹni tó bá ń wá @ lórí pátákó ilẹ̀ Faransé yóò di AltGr mú, yóò tẹ à, lórí ti Bẹ́ljíọ̀mù, é ni yóò tẹ̀, lórí ti Jámánì, Q, lórí ti Amẹ́ríkà, Shift àti 2. Àwọn ará Sípéènì fún ñ ní bọ́tìnì tirẹ̀. Ní Bràsíl, níbi tí àwọn baba ńlá Àgùdà Àjàṣẹ́ ti padà wá, ç ní bọ́tìnì tirẹ̀ lórí pátákó tí wọ́n ṣe fún orílẹ̀-èdè náà. Gbogbo ìyẹn fi hàn pé ìpinnu ìjọba àti ti oníṣòwò ni ètò lẹ́tà, kì í ṣe ohun tí èdè mú wá láti ọ̀run.

Pátákó fúnra rẹ̀, igi àti rọ́bà rẹ̀, kò dọ́gba láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún Amẹ́ríkà ní bọ́tìnì 104, ti Yúróòpù ní 105. Ẹ ó mọ̀ wọ́n láìka bọ́tìnì. Lórí ti Amẹ́ríkà, bọ́tìnì Entrée dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Lórí ti Yúróòpù, ó dìde dúró, ó gba ìlà méjì. Lórí ti Amẹ́ríkà, Shift apá òsì gùn. Lórí ti Yúróòpù, wọ́n gé e kúrú kí bọ́tìnì kan lè rí àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bọ́tìnì yẹn ni àwọn Faransé fi ń kọ < àti >. Ti Japan tún yàtọ̀ sí méjèèjì: bọ́tìnì 109, wọ́n sì gé ọ̀pá tó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrú kí bọ́tìnì tó ń yí irú ìkọ̀wé padà lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnì < yìí yóò tún padà wá, ẹ fi sọ́kàn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún akọ̀wé ẹgbẹ́ àti fún òṣìṣẹ́ mairie rèé, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Nígbà tí ìka bá tẹ bọ́tìnì, pátákó kì í rán lẹ́tà sí kọ̀ǹpútà. Nọ́mbà ló ń rán. Ó ń sọ pé: «wọ́n tẹ bọ́tìnì tó wà ní àyè báyìí». Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló máa wo ètò tí wọ́n fi sí i lára, yóò wá pinnu bóyá A ni tàbí Q. Ohun tí wọ́n kọ sórí bọ́tìnì kò ju ọ̀dà lọ. Ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà àlòkù ní Cotonou, tó bá Q W E R T Y lórí rẹ̀, kò sọ owó rẹ̀ nù: ètò Faransé wà nínú ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀, kó kàn yàn án ni. Ohun kan ló máa ṣaláìní tó bá jẹ́ pátákó Amẹ́ríkà ni, ìyẹn bọ́tìnì < kan ṣoṣo, nítorí pé kò sí nínú 104. Nítorí náà, kò sí ìdí láti fi owó ẹgbẹ́ ra pátákó tí wọ́n ní wọ́n ṣe fún Yorùbá kí wọ́n tó kọ Yorùbá. Inú kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ wà.

Níbo wá ni Yorùbá ti ń kọsẹ̀ lórí AZERTY? Ó dà bí ẹni pé Faransé ṣojú rere, nítorí é, è, à àti ù wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ì tàbí ò lórí Windows lè di AltGr mú kó tẹ 7, lẹ́yìn náà kó tẹ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ẹ wá á. Ẹ wá í, ó àti ú. Faransé kì í fi àmì òkè sórí lẹ́tà mìíràn yàtọ̀ sí e, nítorí náà wọn kò fi bọ́tìnì kankan sílẹ̀ fún un nínú ètò Windows tí gbogbo ayé ń lò. Ó tó ẹni tó ń kọ Yorùbá láti kọ «ilè», kò tó o láti kọ «ilá». Ẹ, ọ àti ṣ ńkọ́? Kò sí ọ̀kankan. Àwọn Faransé pàápàá kò rí ètò yìí lò dáadáa fún èdè wọn: É tàbí Ç ńlá kò ní bọ́tìnì. Ní 2016, ilé iṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí àṣà sọ ọ́ ní gbangba pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe láti kọ Faransé bó ṣe yẹ lórí pátákó tí wọ́n ń tà, ní oṣù kẹrin 2019 ni wọ́n sì gbé ìlànà tuntun jáde, NF Z71-300. Tí ẹni tó ni AZERTY bá ń ráhùn, kí ni kí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn ń kọ ọ́ láìní àmì, wọ́n ní òye yóò yé ẹni tó ń kà á. Nínú ọ̀rọ̀ ìkíni lórí fóònù, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé ilẹ̀ tí ìdílé kan fẹ́ fi hàn, tí wọ́n kọ «ogun idile» sí lórí. Ogún ni baba fi sílẹ̀, ogun ni ìwé kọ. Bó bá ṣe pé ẹni tó mọ ìdílé náà ló kà á, yóò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọmọ wọn tó bá kà á lẹ́yìn ogójì ọdún lè má rẹ́rìn-ín. Orúkọ náà ńkọ́? Ọlá, ọlà àti ọ̀la, bákan náà ni gbogbo wọn rí tí àmì bá ti kúrò: ola. Òbí tó sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ kò sọ ọ́ ní mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan.

Ní Benin àti Togo, ìṣòro kejì tún wà tí àwọn ará Nàìjíríà kò ní. Àwọn tó kọ́ ìwé Yorùbá nípa ti ìjọ àti ìwé tó ti Èkó wá ń kọ ẹ, ọ àti ṣ, ìlànà tí iṣẹ́ Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi lélẹ̀ ní ọ̀rúndún 19. Àwọn tó kọ́ ọ ní kíláàsì àgbàlagbà ń kọ ɛ, ɔ, sh àti kp, gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Benin ti là á sílẹ̀ ní 1975, tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò ní 1990 àti 2008. Ìlànà yìí náà kò dédé hù: àwọn ìpàdé ńlá lórí kíkọ èdè Áfíríkà ti wáyé ní Bamako ní 1966 àti ní Niamey ní 1978, kí èdè tó múlé gbera wọn lè máa kọ ohùn kan náà pẹ̀lú lẹ́tà kan náà. Ẹni tó ń kọ Fɔn àti Yorùbá ní ìlú kan náà mọ ìwúlò rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ọ àti ɔ kì í ṣe ìbátan rárá. Ẹni tó bá wá «ọba» nínú ìwé tí wọ́n fi «ɔba» kọ, ẹ̀rọ yóò sọ fún un pé kò sí ọba nínú ìlú.

Àríyànjiyàn lórí ìkọ̀wé méjèèjì ti pẹ́, ó sì máa ń gbóná ní ìpàdé. Kò sí ìdí tó fi yẹ kí ó dá ọ̀rọ̀ pátákó dúró. Ẹ di ɛ àti ɔ di kan ṣoṣo: níbikíbi tí ìwé Benin bá ti kọ wọ́n, ẹ àti ọ ni ti Nàìjíríà. Níbi tí ọ̀kan bá kọ sh, ṣ ni èkejì, nítorí pé s àti h kì í pàdé nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìdí mìíràn. Kp náà sì ni p. Ètò kékeré kan lè yí odindi ìwé padà láti ọ̀kan sí èkejì láàárín ìṣẹ́jú kan, orúkọ àjèjì díẹ̀ nìkan ni ọwọ́ ènìyàn yóò tún ṣe. Kódà, ilé Unicode, tó ń fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́mbà, ti gba méjèèjì wọlé: nínú àkójọ wọn tó ń sọ bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọ ọjọ́ àti oṣù, Yorùbá ti Nàìjíríà wà lọ́tọ̀, Yorùbá ti Benin wà lọ́tọ̀, pẹ̀lú ɛ àti ɔ rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé: «Windows ní ètò Yorùbá, Linux ní in, Gboard orí fóònù ní in. Kí ló kù?» Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ti Windows àti ti Linux, ọwọ́ ètò Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tò wọ́n, orúkọ Nàìjíríà ni wọ́n sì fi pè é lórí Linux. Tí olùkọ́ ní Kétu bá fi ètò yẹn sí kọ̀ǹpútà kíláàsì, àwọn ọmọ yóò máa kọ Faransé pẹ̀lú ọwọ́ kan ní aago mẹ́jọ, wọn yóò máa kọ Yorùbá pẹ̀lú ọwọ́ mìíràn ní aago mẹ́wàá. Wọn kò ní ṣe é ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Wọn yóò padà sí èyí tó rọrùn, wọn yóò sì gbà pé Yorùbá ló le. Irọ́ ni, ètò ló le.

Kamẹrúùnù ti rí ọgbọ́n dá sí irú ọ̀ràn yìí. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba wọn ń lò pọ̀, èdè ìbílẹ̀ wọn sì lé ní igba. Ètò méjì ni SIL ṣe fún àwọn èdè ìbílẹ̀ náà, ọ̀kan tí a gbé lé QWERTY, ọ̀kan tí a gbé lé AZERTY, wọ́n sì ń lò wọ́n lórí Keyman, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Oníkálukú ń kọ èdè baba rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ti mọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Ohun tó yẹ Yorùbá ní Benin àti Togo nìyẹn: kí wọ́n fi AZERTY sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n fi Yorùbá kún un.

Bí yóò ṣe rí kò ṣòro láti là sílẹ̀. AltGr pẹ̀lú o yóò fún ni ní ọ, AltGr pẹ̀lú s yóò fún ni ní ṣ. Àyè méjèèjì ṣófo nínú ètò Faransé ti Windows. AltGr pẹ̀lú e yóò fún ni ní ẹ. Ní báyìí, àmì owó euro ló jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́fà ni wọ́n ń ná lọ́jà Kétu. Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá nílò ẹ ní ọgọ́rùn-ún ìgbà kí ó tó nílò euro lẹ́ẹ̀kan. Fún ẹni tó ń kọ ìlànà Benin, bọ́tìnì kan náà yóò fún un ní ɛ àti ɔ nínú ètò kejì, kí ìka má baà tún ọ̀nà kọ́.

Fún àmì ohùn, bọ́tìnì ² tó wà ní igun òkè lápá òsì ló dára jù. Ta ló ń fi kọ nǹkan? Kó jẹ́ àmì òkè tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lásán, kó jẹ́ àmì ìsàlẹ̀ pẹ̀lú Shift. Bọ́tìnì tó wà ní igun yẹn sì wà lórí pátákó 104 àti 105 bákan náà. Bọ́tìnì < ni ó máa ń wu àwọn tó ń ṣe ètò láti lò, nítorí ó súnmọ́ ọwọ́. Kí wọ́n má ṣe é, nítorí pé kọ̀ǹpútà tó ti Amẹ́ríkà wá kò ní in, ọmọ tó bá bá irú rẹ̀ pàdé kò sì ní lè kọ àmì náà rárá.

Ohun kan tún wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ pinnu kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ṣé àmì ló máa ṣáájú lẹ́tà, àbí lẹ́tà ló máa ṣáájú àmì? Lórí AZERTY, àmì ^ ló ń ṣáájú, e á tẹ̀ lé e, ê á jáde; touche morte ni Faransé ń pè é, nítorí pé bọ́tìnì náà kì í kọ nǹkan títí lẹ́tà yóò fi dé. Kò bá Yorùbá mu. Nínú Unicode, é ní nọ́mbà tirẹ̀ ní odidi, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní: ẹ ni, àmì òkè sì gùn ún lẹ́yìn. Touche morte ti Windows kò lè bí ju nọ́mbà kan lọ. Nítorí náà kí wọ́n tẹ lẹ́tà, kí wọ́n tó tẹ àmì. Bí ọwọ́ ènìyàn ṣe ń kọ ọ́ pẹ̀lú bírò náà nìyẹn, kò sí ẹni tó ń fi àmì sílẹ̀ lófuurufú kó tó fi lẹ́tà sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ lè fi Keyman Developer tàbí irinṣẹ́ Microsoft tí wọ́n ń pè ní Keyboard Layout Creator ṣe gbogbo èyí. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọn kò sì gba ìmọ̀ ẹnjiníà. Èyí tó kù sọ́wọ́ àwọn aṣojú ìjọba tó wà níhìn-ín ni ìwé ìrajà. Nígbà tí mairie tàbí CEG bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé pátákó bọ́tìnì 105, tó ní AltGr lápá ọ̀tún, ni wọ́n ń fẹ́, kí ẹni tó ń tà á sì fi ètò Yorùbá sí i kó tó gba owó. Ìlà méjì péré ni nínú ìwé, kò sì ní fi nǹkan kún iye owó. Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ ọmọ tuntun nílò ọ̀sán kan láti kọ́ ọ. Bí wọn kò bá sì fẹ́ gbára lé ìrántí, lẹ́tà alálẹ̀mọ́ wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí bọ́tìnì. Mẹ́rin ni pátákó kan ń fẹ́: ọ̀kan sórí e, ọ̀kan sórí o, ọ̀kan sórí s, ọ̀kan sórí ².